Nígbà tí oko bá gba ọwọ́ onígbàgbọ́: ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Yàgbà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìletò kan lẹ́bàá Ìsánlú, mo sì ń dáko iṣu, gbágùúdá àti kajú. Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, tó sì ń ṣàìsàn, wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ẹgbẹ́ aládùúrà ni mí tẹ́lẹ̀, n kì í pa ìṣọ́ òru jẹ. Láti ìgbà tí Màmá ti dùbúlẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo ń rí àyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà a máa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mìíràn nítorí koríko oko. Olórí ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé iná mi ti ń kú. Nínú oṣù kìíní, nígbà tí a bá ń gbààwẹ̀, ọkàn mi a máa balẹ̀ pé Kristẹni ni mí. Tó bá di oṣù kẹfà, n kì í mọ ohun tí mo jẹ́ mọ́. Báwo ni mo ṣe lè gbé ìgbàgbọ́ yìí yí ọdún po?"

Ìdáhùn: Okun o, arábìnrin mi. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ sì kú làálàá oko. Ọlọ́run yóò fún yín ní agbára tí iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti fi dá yín lóhùn, ìyókù tí n ó kọ kàn ń là á yé ni. Ọlọ́run tí ẹ ń sìn ní oṣù kìíní náà ló dá oṣù kẹfà, ohun tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ yín nínú òjò yàtọ̀ sí ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ yín nínú ọyẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi ìjọsìn ìgbà ọyẹ́ díwọ̀n ìjọsìn ìgbà òjò yóò máa rò pé òun ti padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ó ń gbọ́ràn sí Olúwa lẹ́nu jù lọ.

Àwọn àgbẹ̀ àti darandaran ni ó kún inú Ìwé Mímọ́, ó sì yẹ kí èyí tu ẹni tí ó ń roko nínú. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà dé Lísírà, láàárín àwọn ènìyàn tí kò mọ Mósè rí, òjò ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí. Wọ́n ní Ọlọ́run kò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí, nítorí pé ó ń rọ òjò fún wa láti ọ̀run, ó sì ń fún wa ní àkókò èso (Ìṣe 14:17). Àjọ̀dún mẹ́ta ńlá tí ó pa láṣẹ fún Ísírẹ́lì, oko ni ó so wọ́n mọ́: Ìrékọjá bọ́ sí ìgbà tí ọkà báálì ń gbó, Pẹ́ńtíkọ́sì bọ́ sí ìkórè àlìkámà, Àjọ̀dún Àgọ́ sì bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ti kó èso àjàrà wọlé tán. Ní ilẹ̀ wọn, òjò àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àrọ̀kúrò a sì rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ní ilẹ̀ àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, bíi Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Owé, ìgbà tí òjò tiwọn ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni tiwa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún Àjíǹde tí ó ń bá wọn lẹ́nu ìkórè, ẹnu ìgbìn ni ó ti ń bá wa. Nítorí náà, bí a bá kan ń tẹ̀lé ètò ọdún ìjọ lásán láìwo ilẹ̀ tí a tẹ̀, a ó máa kọrin ìkórè nígbà tí ọwọ́ wa ṣì wà nínú ebè, a ó sì máa bi ara wa léèrè ohun tí ó fa àárẹ̀.

Ẹ wo oṣù kìíní yẹn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti múlẹ̀, koríko kò hù, ọkà bàbà ti wọ àká, iṣu wà nínú abà, ilé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún fún àwọn tí ó wá ṣe Kérésìmesì ni. Bí ara ẹni bá dilẹ̀ tí inú sì yó, kò ṣòro láti gbààwẹ̀ kí a sì jí lóru. N kò sọ èyí láti bu àdúrà yín kù. Ẹ̀bùn ìgbà náà ni, Ọlọ́run ló fi fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yìí wà fún títọ́jú pamọ́. Ohun tí mo máa ń gba àwọn àgbẹ̀ inú ìjọ níyànjú ni pé kí wọ́n fi àkókò ọyẹ́ kọ́ sáàmù méjì tàbí mẹ́ta sórí pátápátá, kí wọ́n má kàn kà á. Sáàmù 65 tí ó sọ bí Ọlọ́run ṣe ń bomi rin aporo ilẹ̀ dára, Sáàmù 121 dára, Sáàmù 126 nípa ẹni tí ó ń sọkún fúnrúgbìn náà sì dára. Tí ó bá wá di oṣù kẹfà tí ẹ tẹ̀ba sórí koríko, tí Bíbélì wà nílé tí ojú sì ń ta yín fún òógùn, ohun tí ẹ ti kó pamọ́ yóò wà lẹ́nu yín.

Ìgbà kajú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí pé àṣẹ ibẹ̀ ṣe kedere. Owó ń wọlé láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, ìdánwò ibẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ó ta kajú tútù bí ẹni pé ó ti gbẹ, tàbí tí ó fi òkúta sísàlẹ̀ àpò, kò lè fi ìdámẹ́wàá owó náà wẹ̀ ẹ́ mọ́. Òwe 11:1 ti sọ bí òṣùwọ̀n èké ṣe rí lójú Olúwa. Bí ẹ bá gbé àwọn ọmọ àdúgbò lọ ṣa kajú fún yín, ẹ fún wọn ní owó wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbà yìí kan náà ni ìjọ tí ó ń ṣe àwẹ̀ Lẹ́ńtì ń ṣe é, ó sì bá a mu wẹ́kú, nítorí pé àwẹ̀ tí Àìsáyà orí 58 fẹ́ ni èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ni òṣìṣẹ́ rẹ̀ lára.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá wá rọ̀, tí ẹ sì ń gé ebu, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Ẹ ó gé iṣu tí ẹ̀ bá fi gún iyán, ẹ ó fi eérú pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn, ẹ ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibòji kí ojú egbò náà lè gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ ó rì í mọ́ inú ebè, ẹ ó sì bo orí ebè kí oòrùn má baà pa á. Jésù sọ nínú Jòhánù 12:24 pé bí kò ṣe pé hóró àlìkámà bọ́ sílẹ̀ tí ó sì kú, òun nìkan ni yóò wà. Ara rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ọjọ́ díẹ̀ sí ikú rẹ̀. Bí ọdún Àjíǹde ṣe bọ́ sí àkókò ìgbìn fún àwa ará Okun jẹ́ oore kan tí àwọn tí ó mú ìyìn rere wá kò ṣètò fún wa. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lórí oko. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó kéré jù mú ebu kan lọ́wọ́, kí ẹ sọ ìtàn ibojì òfìfo fún un níbẹ̀. Àdúrà kúkúrú kan tó, kí iṣẹ́ sì máa lọ.

Mo wá dé oṣù kẹfà tí ó ń dà yín láàmú. Bí a bá sọ òótọ́, oṣù tí ó le jù lọ nínú ọdún ní apá ọ̀dọ̀ wa ni. Abà ti gbófo, iṣu tuntun kò tíì tó wà, koríko ń hù lójoojúmọ́, owó iléèwé àwọn ọmọ kò tán, owó oṣù tíṣà sì lè pẹ́ kí ó tó wọlé. Wọn kì í ṣètò ìsọjí sí àkókò yìí, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èrò kò ní wá. Mo gbà pé àkókò yìí gan-an ni Ọlọ́run fi ń mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún Ísírẹ́lì nínú aginjù (Diutarónómì 8:2).

Ohun àkọ́kọ́ tí oṣù náà ń béèrè ni òótọ́ nínú gbèsè. Bí ẹ bá lọ gba gaàrí àwìn, ẹ dá ọjọ́ tí ọwọ́ yín lè ká. Bí ọjọ́ náà bá pé tí owó kò sì dé, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ bá ẹni náà kí ó tó wá yín wá. Mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìpàdé àdúrà nítorí ẹni tí wọ́n jẹ lówó jókòó sí iwájú ilé. Lílọ bá ẹni náà kí ẹ sọ pé "Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i" jẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ó sì ṣòro ju gbígba àdúrà ní ohùn rara lọ. Ohun kejì ni aládùúgbò. Ilé kan wà nítòsí yín tí wọn kò dáná ní àná. Ẹ mọ̀ ọ́n, torí pé ẹ kò rí èéfín. Bí ẹ bá ní kóńgò gaàrí mẹ́ta, ẹ bu ọ̀kan, kí ọmọ yín gbé e lọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí ojú kò pọ̀, kí ó má sì sọ ohun tí ó gbé. Opó Sáréfátì kò fún Èlíjà ní àjẹkù; ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tí ó kù ni ó kọ́kọ́ bù nínú rẹ̀ fún un.

Nípa àdúrà yín, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró, ṣùgbọ́n ó lè kúrú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó tan iná ìdáná, ẹsẹ kan láti inú sáàmù tí ẹ ti kọ́ sórí, orúkọ ọkọ yín, orúkọ àwọn ọmọ, orúkọ Màmá, kí ẹ sì béèrè ìṣọ́ lójú ọ̀nà oko, nítorí ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ wa ti rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní ọdún àìpẹ́ yìí. Ẹ má ṣe gba ààwẹ̀ gbígbẹ nígbà tí ẹ bá ń roko nínú oòrùn. Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ rẹ̀, mo sì ti rí ẹni tí ó dákú lórí ebè. Ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni Jésù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù (Lúùkù 3:23). Ṣáájú ìgbà náà, gbẹ́nàgbẹ́nà ni ní Násárẹ́tì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jáde kúrò nínú omi ìrìbọmi, kí ó tó ṣe iṣẹ́ ìyanu kan ṣoṣo, Baba sọ pé inú òun dùn sí i gidigidi. Ẹ rò ó wò, arábìnrin mi: àwọn ọdún tí ó fi ń lo ayùn àti òòlù wà lára ohun tí inú Baba dùn sí.

Ní ti ọjọ́ Ìsinmi tí ẹ ń fi roko, n kò ní bò ó mọ́ra fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé Màmá ni kò ṣeé fi sílẹ̀, ẹ dúró tì í láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ koríko ni, ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ́kísódù 34:21 kò fi àyè sílẹ̀ fún àwáwí: ní ìgbà ìtulẹ̀ àti ní ìgbà ìkórè pàápàá, Ọlọ́run ní kí wọ́n sinmi. Ó mọ̀ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá le jù ni ènìyàn máa ń gbàgbé pé òun kọ́ ni ó ń mú iṣu ta. Ẹ nílò àwọn ará, ẹ nílò oúnjẹ Olúwa, ẹ sì nílò kí ẹ̀yìn yín sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Màmá ní kíkún, torí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olórí ẹgbẹ́ yín ti gún yín. Nínú Máàkù 7:9-13, Jésù bá àwọn Farisí wí gidigidi nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn fi ohun tí ó yẹ kí ó fi tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run, kí ó sì lọ ní òmìnira. Ó ní wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótíù pé kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi ìwà-bí-Ọlọ́run hàn nínú ilé ara wọn (1 Tímótíù 5:4). Nígbà tí ẹ bá gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá lóru, tí ẹ yí Màmá sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, tí ẹ pààrọ̀ aṣọ tí ó tutù lábẹ́ rẹ̀, tí ẹ sì tún fi ṣíbí gbé ẹ̀kọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun, ìṣọ́ òru ni ẹ ń ṣe. Ìgbàgbọ́ kò sì bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí lónìí ní Yàgbà. Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Sudan Interior Mission (SIM), dé Ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì tí wọ́n ń pa nígbà náà sì wà lára ohun tí ìyìn rere kọ́kọ́ kojú níbẹ̀. Inú yàrá abiyamọ ni ìgbàgbọ́ ti gbé yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ó di 1952, ilé ìwòsàn ti dìde ní Ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àwọn ìyá wa tí ó kọ́kọ́ gbàgbọ́, ẹní aláìsàn ni wọ́n fi mọ irú Ọlọ́run tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ fún wọn.

Iṣu tuntun yóò dé láìpẹ́. Ẹ mú èyí tí ẹ kọ́kọ́ wà lọ sí ilé Olúwa, kí ẹ sì fún Màmá jẹ kí ẹ tó jẹ. Bí Diutarónómì 26 ti wí, ẹni tí ó bá mú àkọ́so wá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí Ọlọ́run ti mú un wá, nítorí náà ẹ sọ ti ọdún yìí ní gbangba nínú ilé. Bí ìlú yín bá ń ṣe ọdún iṣu, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ògìdì ní Ìjùmú, kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ lọ kí ọba àti àwọn àgbà kí ẹ sì bá wọn yọ̀. Ibi tí ìrúbọ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni ohun tí a ti sọ Ìkórè dà ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ó yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí àgbẹ̀ tí òjò dá lóró àti ẹni tí oko rẹ̀ ṣe dáadáa yóò jọ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di ọjọ́ ìdíje láàárín ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́, ìdílé àti ìdílé, tí wọ́n ń ka iye tí olúkúlùkù san sí etí ìjọ. Mo mọ àwọn opó tí wọ́n kó owó àjọ wọn jẹ nítorí aṣọ ẹgbẹ́ ọjọ́ Ìkórè. Ẹ má ṣe yáwó ṣe Ìkórè, arábìnrin mi, ẹnikẹ́ni ì báà dárúkọ yín. Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ pé ọrẹ ní ìtẹ́wọ́gbà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ènìyàn ní, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò ní (2 Kọ́ríńtì 8:12). Bí ebè mẹ́wàá bá ta dáadáa nínú ogún, ẹ dúpẹ́ fún mẹ́wàá náà níwájú Ọlọ́run kan náà tí Hábákúkù yọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí oko kò mú oúnjẹ wá rárá. Ẹ sì rántí Diutarónómì 24:19: ìtí ọkà tí ẹ bá gbàgbé sóko, ti àlejò, aláìníbaba àti opó ni. Bí ẹ bá wa iṣu tán, ẹ má ṣe padà lọ ha ilẹ̀ oko náà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò ní oko wọ ibẹ̀. N ì bá fẹ́ kí ìjọ kan dìde ní ilẹ̀ Okun tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ní ọjọ́ Ìkórè pé ta ni ebi ń pa láàárín wa, kí ó tó ka owó.

Ohun tí ó kù ni ohun tí ẹ ó ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kọ́kọ́ bá ọkọ yín sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ni, òfin karùn-ún kò sì fò ó dá nítorí pé ó wà ní Àbújá. Ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù, kí ó dúró ti Màmá kí ẹ̀yin lè lọ sí ìsìn pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí kò bá lè wá, kí ó fi owó ẹni tí yóò máa ràn yín lọ́wọ́ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olórí ẹgbẹ́ yín. Ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì tọrọ àforíjì fún títọ́jú aláìsàn. Ẹ fi Jákọ́bù 5:14 hàn án, níbi tí a ti sọ pé kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n wá gbàdúrà lé e lórí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹgbẹ́ náà máa wá ṣe ìpàdé kan lóṣooṣù ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá, kí orúkọ yín lè dúró nínú ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn. Kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ kì í lọ sóko, kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ẹ kò ní se oúnjẹ, kí àwọn méjì nínú wọn sì dúró lẹ́yìn àdúrà láti bá yín pọn omi ọjọ́ kejì.